Ìlà Dúdú Tó Yí Bàbá Mi Ká

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni kọ̀ǹpútà náà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí ẹ̀rọ. Yàrá kan ló gbà nítòsí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé, ó sì kọjú fáànù sí ẹ̀rọ, kò kọjú rẹ̀ sí èèyàn. Bí iná bá lọ, á sáré jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀, àwa oníbàárà á wà nínú ooru, a ó máa fi ìwé tí a gbé wá fẹ́ ara wa. N kò bínú sí i nígbà náà. Mo gbà pé bí ayé tuntun ṣe ń wọlé nìyẹn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ bá a wọlé gbọ́dọ̀ làágùn díẹ̀.

Àwọn ọdún 1980 ti ń parí lọ. Tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ìlú Ọ̀yọ́, mo sì ti kọ ìwé kan. Ìtàn àwọn oníṣòwò gbànja ni: bí wọ́n ṣe ń di obì sínú àpò, tí wọ́n ń bá lọ́rì gòkè Ọya, bí ọkọ̀ ṣe máa ń kú sínú igbó, tí wọ́n á kọ́kọ́ wá omi tí wọ́n máa wọ́n sí obì kí wọ́n tó wá èyí tí wọ́n máa mu. Èmi fúnra mi, n kò kọjá Ìlọrin rí. Bàbá mi ló fi òwò náà dàgbà, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ìtàn inú ìwé náà ti wá. Ó máa ń sọ wọ́n fún wa nígbà tí a wà ní kékeré, bí ó bá ti ìrìn àjò dé tí ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní. Èmi kàn kọ wọ́n sílẹ̀ ni. Mo tún wọn tò, mo wá kọ ọ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo jókòó lórí ẹrù nínú lọ́rì, nítorí mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe máa ń dùn.

Ilé iṣẹ́ aṣèwé ńlá kan ní Ìbàdàn dá ìwé náà padà fún mi. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ ìwé tí àwọn ilé ìwé yóò rà ni àwọn ń tẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo wá gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tò ó títí tí yóò fi di ojú ewé kan. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn tó wá tẹ káàdì ìgbéyàwó, àwọn tó wá tẹ ìwé ìkésíni ìsọmọlórúkọ, àwọn tó kàn yà láti inú ọjà wá sá fún oòrùn, gbogbo wọn ló máa ń mú ojú ewé mi tí tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n á kà á sókè, wọ́n á sì bá mi jiyàn. Ọ̀kan á ní wọn kì í di obì báyìí. Òmíràn á ní kí ni èmi mọ̀ nípa òkè Ọya. Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, a kò tíì tẹ ìdajì ìwé náà. Nígbà tí tísà ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi nípa ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kó ìwé mi kúrò níbẹ̀, n kò tilẹ̀ dágbére dáadáa.

Kí n má parọ́, ẹ̀rọ náà dùn mọ́ mi. Ohun tí a fi odidi ìgbà òjò tò, ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá ní kí ó pa gbólóhùn kan rẹ́, gbólóhùn náà á pa rẹ́ lójú mi, àwọn tó kù á sì sún jọ bí èrò inú ọkọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń yọjú, kò sí ẹni tó ń jiyàn. Èmi àti òun nìkan ni, àti kọ́tìnnì. Mo máa ń wo ọ̀rọ̀ mi lójú ẹ̀rọ náà, orí mi á wú. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ará Ìbàdàn ló pàdánù, pé láti ìsinsìnyí lọ, òǹkọ̀wé kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ kí ó tó di òǹkọ̀wé.

Nígbà tó ku ojú ewé àkọ́kọ́, mo ní kí ó fi àyè sílẹ̀ fún fọ́tò bàbá mi, torí mo fẹ́ fi júbà rẹ̀.

Ó ní, "Tísà, ẹ jẹ́ ká fi fíréèmù sí i."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí àyè náà po. Ó tẹ òmíràn, ìlà náà nípọn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó dúdú kirikiri. Ó bi mí pé èwo ló wù mí. Mo ní kí ó fi èyí tó dúdú jù sílẹ̀, torí òun ló gbayì. Ó fi òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá pe ọ̀rọ̀ fún un, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀: "Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ ni a ń tọ̀. A kò ní gbàgbé yín láéláé." Fọ́tò tí mo mú wá ni èyí tí bàbá mi yà nígbà tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, tí ó wo iwájú láìrẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí ògiri tí wọn kì í lẹ ìwé òkú mọ́ nílùú wa. Fọ́tò olóògbé á wà láàárín, ìlà dúdú tó nípọn á yí i ká, wọ́n á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn kò ní gbàgbé. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò sí fún ohun mìíràn. Mo ń kọjá lára àwọn ìwé wọ̀nyí lójoojúmọ́ bí mo bá ń lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti ń yí mi lórí, ohun tó bá fi hàn mí nìkan ni mò ń rí. Bó bá jẹ́ pé lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán ni a ti tẹ ojú ewé yẹn, ẹni àkọ́kọ́ tó bá yà wá sá fún oòrùn ni ì bá ti bi mí pé ìgbà wo ni bàbá kú.

Bàbá mi kò kú. Ìrẹ̀sà ló wà. Ikọ́ kan ló ti bá a fínra, nígbà tí ara rẹ̀ wá ń balẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń dáko níbẹ̀ ní kí ó wá sinmi lọ́dọ̀ òun, kí ó kúrò nínú eruku ìlú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ọjà kò rí i, àwọn ará mọ́ṣáláṣí kò rí i. Ìyá mi wà ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú mi, ó ń retí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yóò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Kò sí fóònù nílé wa, kò sì sí ní Ìrẹ̀sà.

Ìwé jáde, èmi fúnra mi ni mo sì ń gbé e kiri. Mo kó díẹ̀ fún onísọ́ọ̀bù ìwé kan lẹ́bàá ààfin, mo kó púpọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ mi ló wà níwájú ìwé, ó tóbi. Fọ́tò mi ló wà lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní ọ̀nà kan tí kò yé mi, mo sì fi ìgbéraga túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí n má ṣe ara mi ní wàhálà, pé bí mo bá fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, òun kò ní sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òǹkọ̀wé nìyẹn. Obìnrin tí mo ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi lénì, ó mi orí, ó ní, "Tísà, ọkùnrin ni yín o. Ọlọ́run á fún yín lókun." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kò rọrùn rárá, pé ọdún gbọọrọ ni mo fi ṣe é. Obìnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu.

Lọ́sàn-án Àlàmísì kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa tó pọ̀ ju ti àwa ará ilé lọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi, Àlhájì tí wọ́n jọ ṣòwò gbànja láti ìgbà èwe, ló ti Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ará òkè Ọya ni, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ẹlòmíràn tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ lọ. Ó kó àwọn ààfáà lẹ́yìn, wọ́n sì ti so àgbò kan mọ́ igi ìta. Bí ó ṣe rí mi ló dìde, ó dì mọ́ mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú omi tó fẹ́ gbé fún wọn.

"Ìnnà lílláhì," ni Àlhájì wí. "Ọmọ mi, o ò ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi lọ, inú ìwé ni mo ti rí i. A ti ṣe sàráà fún un ní Sábó. Ọlọ́run á fi Alijánnà kẹ́ ẹ."

Ó na ìwé mi sí mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló ṣí. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ìyá mi rọra gbé omi náà sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi. Bàbá wà láàyè."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa ti mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tó burú ju èyí lọ. A kì í là á mọ́ aya lójú pé ọkọ rẹ̀ kú. A á ní ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. A á ní ó wà láàyè, kí ó kàn wé gèlè ká jọ lọ wò ó. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ti bá wọn fi irú ọ̀rọ̀ yìí mú opó púpọ̀ délé. Ó wo ojú mi, ó wo àgbò tó wà níta, ó wo àwọn ààfáà tí wọ́n ti dorí kodò.

Ó ní, "Tísà, má tàn mí."

"Ìyá mi, mo fi Ọlọ́run búra."

"Ìgbà wo lo fojú rí i kẹ́yìn?"

Ó ti pẹ́. Ìwé ni mò ń gbé kiri. Mo ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ léraléra láìyà sí Ìrẹ̀sà tí kò jìnnà sí i, nítorí pé ọkọ̀ oko kì í tètè kún. Mo dákẹ́, ìdákẹ́ mi ló sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ẹ̀rọ ló fi ìlà sí i. Mo ní èmi ni mo sọ pé kí ó nípọn, kí ó lè gbayì. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni wọ́n ń ṣàánú mi tó. Ọ̀kan nínú àwọn ààfáà gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní ọmọ dáadáa ni mí, mo fẹ́ bo ìyá mi lójú. Àlhájì ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé obìnrin náà á kúkú gbọ́ bópẹ́bóyá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, èmi ni mo kó méjèèjì jọ fún bàbá mi sínú ojú ewé kan ṣoṣo. Ojú tì mí débi pé, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó ṣe mí bíi pé kí n kúkú jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí bí wọ́n ṣe rò ó.

Kò sí ohun tó kù ju ká lọ sí Ìrẹ̀sà. Ọkọ̀ Àlhájì ló gbé wa. Wọ́n gbé àgbò náà sẹ́yìn, torí Àlhájì ní kò yẹ kí òun dé ojú oórì ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ òfo. Àgbò ń ké lẹ́yìn, ìyá mi ń ké níwájú. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, á yíjú sí mi, á bi mí pé, "Ẹ ti sin ín, àbí? Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Bí mo bá ti ní wọn kò sin ẹnikẹ́ni, ẹkún rẹ̀ á tún le sí i. Nígbà tó yá, mo dẹ́kun dídáhùn, mo kọjú sí fèrèsé.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Ìrẹ̀sà. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi kaṣú, ó ń fi ọ̀bẹ họ iṣu sísun. Ara rẹ̀ ti dán, ó tilẹ̀ ti sanra díẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó rí aya rẹ̀ láìwé gèlè, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí àwọn ààfáà, ó rí àgbò. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rìn lọ bá a. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó wá gbá a lẹ́yìn gan-an bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Àlhájì jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n ro ẹjọ́ náà fún bàbá mi, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa àgbò náà, àwọn ààfáà yí àdúrà òkú padà sí ti ẹ̀mí gígùn, gbogbo abà jẹ ẹran. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Tísà apabàbá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bàbá mi ní kí n mú ìwé náà wá. Ó mọ Kéú kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò kàwé òyìnbó, nítorí náà ó ní kí n kà á fún òun. Àlhájì jókòó tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí lọ́rì ti kú sínú igbó, tí wọ́n ń wá omi fún obì. Àlhájì ń mi orí, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ń ka ìwé lọ, ohùn mi ń dún ketekete. Nígbà tó ṣe, bàbá mi gbọ́wọ́ sókè.

"Ta ló jókòó lórí ẹrù yẹn?"

Mo ní, "Nínú ìwé, èmi ni, bàbá."

"Ta ló rí omi náà?"

"Èmi ni."

Àlhájì yíjú sí ọ̀nà oko, ó ń wo ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Bàbá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rí fọ́tò mi. Ó yí iwájú rẹ̀ wò, ó bi mí pé orúkọ ta nìyẹn, mo sọ fún un. Ó wá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fi ìka tọ ìlà dúdú náà yíká fọ́tò rẹ̀ títí ó fi padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Yàtọ̀ sí ibí yìí, ibo ni mo tún wà?"

Mo ní kò sí ibòmíràn.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé nínú ìwé yìí, ibi tí mo ti kú nìkan ni mo wà."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé omi wá. Nígbà tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ àná, ojú èèyàn ló ń tì mí. Ti àárọ̀ yẹn yàtọ̀. Àwọn tó ń jiyàn pẹ̀lú mi lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, tí wọ́n ń bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa òkè Ọya, ìbéèrè gidi ni wọ́n ń bi mí. Nítorí kí n má baà dáhùn ni mo fi sá lọ sí ibi tí kò ti sí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan.

Mo bá ọkọ̀ Àlhájì lọ sí Sábó láàárọ̀ yẹn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníkọ̀ǹpútà gbọ́ ìtàn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìlà dúdú náà lọ, òdòdó lọ. Mo ní kí ó gbé orúkọ mi kúrò lókè, kí ó fi orúkọ bàbá mi síbẹ̀, kí ó kọ ọ́ pé ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ìtàn wọ̀nyí, kí ó wá fi tèmi sísàlẹ̀ ní kékeré. Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Ó ní, "Ẹ ò rí i, Tísà? Ẹ̀rọ yìí kì í bá èèyàn jà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ló máa ṣe." Ó tẹ ẹyọ kan jáde fún mi, bébà náà ṣì gbóná.

Mo gbé e padà sí Ìrẹ̀sà lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ka orúkọ rẹ̀ sí i létí, mo fi ibi tó wà hàn án. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó gbé bébà náà jìnnà sójú, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i pé ó dùn mọ́ ọn.

Ó ní, "Ó dára. Àwọn tó ti ra ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Wọ́n wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn arìnrìn-àjò ti gbé òmíràn lọ sí ibi tí n kò mọ̀. N kò ní owó tí mo lè fi tẹ òmíràn. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, bàbá mi ń dúró de èsì.